Iye Tí Wọ́n Ra Káàdì Kọ́ Ni Iye Ẹni Tó Wà Lára Rẹ̀

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, wọ́n lu páálí kékeré kan ní gbàǹjo lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Páálí náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé igi ìgbábọ́ọ̀lù lé èjìká ló wà lára rẹ̀. Mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ni wọ́n rà á. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni Mickey Mantle, ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù New York Yankees. Lọ́dún 1952 ni ilé-iṣẹ́ Topps tẹ káàdì náà, pé kí àwọn ọmọdé máa bá a nínú ìdì ṣíńgọ́ọ̀mù. Ìdì kan kò ju sẹ́ǹtì 5 lọ nígbà náà.

Láti ìgbà tí irú ìròyìn báyìí ti ń dé etí wa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé. Àwọn kan ní kí a má da ohunkóhun nù mọ́, pé ohun àtijọ́ ni owó ọ̀la. Àwọn kan ní kí ènìyàn ra káàdì sàn ju kó fi owó sí báǹkì lọ. Àwọn kan tún ní, bí nǹkan bá gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó wà lára rẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn, torí ọjà kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ ta kò. Ọjà máa ń purọ́. Ọjà káàdì bésíbọ́ọ̀lù ti purọ́ púpọ̀, àwọn ọmọdé ló sì máa ń kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Kí a tó jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò rí i rí. Bésíbọ́ọ̀lù kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí orígun mẹ́rin pápá ká kí àwọn alátakò tó rí bọ́ọ̀lù náà dá padà. Bó bá gbá a tó fò kọjá ọgbà, home run nìyẹn. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò ti ń fi àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá, nígbà tó yá wọ́n fi sínú ṣíńgọ́ọ̀mù, kí ọjà wọn lè tà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: káàdì yìí kì í ṣe oyè tí ìlú fi dá akọni lọ́lá. Ènì orí ọjà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ọjà kì í purọ́. Káàdì tó lókìkí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Honus Wagner, ọmọ ẹgbẹ́ Pittsburgh Pirates. Ilé-iṣẹ́ American Tobacco Company ló tẹ̀ ẹ́ láàárín ọdún 1909 sí 1911, nínú ọ̀wọ́ káàdì tó lé ní 500. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dáwọ́ títẹ ti Wagner dúró. Àwọn kan ní kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé tìtorí òun máa ra sìgá. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ owó ló dá a sílẹ̀. Èyí ó wù kó jẹ́, nǹkan bíi 60 péré ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù. Lọ́dún 2022, wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là.

Nínú ọ̀wọ́ kan náà ni Ty Cobb wà. Lọ́dún 1936, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan àwọn tí yóò wọ Gbọ̀ngàn Akọni eré bésíbọ́ọ̀lù, ìbò 222 ni Cobb ní, Wagner ní 215. Àwọn oníròyìn tó mọ eré náà dunjú ló dìbò. Síbẹ̀, káàdì Cobb tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀wọ́ náà kò sún mọ́ ti Wagner lówó rárá. Kí ló fà á? Wọ́n tẹ ti Cobb púpọ̀, wọ́n tẹ ti Wagner díẹ̀. Ó tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó gbọ́ ti Sherry Magee. Òun náà wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Òǹtẹ̀wé ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, ó kọ ọ́ ní “Magie”. Wọ́n rí àṣìṣe náà, wọ́n sì tún un ṣe. Lónìí, èyí tí wọ́n ṣi kọ ló gbówó lórí ju èyí tí wọ́n kọ dáadáa lọ, ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po. Ní ilé-ìwé, bí mo bá ṣi orúkọ ènìyàn kọ, olùkọ́ mi á yọ máàkì. Lọ́jà káàdì, ṣe ni wọ́n á fi kún un. Ẹsẹ̀ Magee kò yá sí i, apá rẹ̀ kò le sí i nítorí pé wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà náà, kí ni owó náà ń wọ̀n?

Alátakò mi á ní, “Ó yé wa, ọ̀wọ́n ló ń mú owó wá. Àwọn àgbà ló sọ pé ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là á ra ògo.” Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n náà wò.

Ẹ yí káàdì Mantle yẹn padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nọ́ńbà 311 ló wà níbẹ̀. Ta ló wà lára nọ́ńbà 312? Jackie Robinson ni. Òun ni aláwọ̀ dúdú tó wọ líìgì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1947, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi ìlẹ̀kùn há àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ́ta. Wọ́n bú u, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Lọ́dún 1997, gbogbo ẹgbẹ́ inú líìgì náà gbà pé kò sí agbábọ́ọ̀lù tuntun tí yóò tún wọ nọ́ńbà 42 tó wọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló tẹ káàdì Mantle àti ti Robinson, lọ́dún kan náà, nínú abala ìkẹyìn kan náà. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí wọ́n tẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Abala yìí kò tà, ó sì kún ilé ìkẹ́rùsí. Sy Berger, tó wà nídìí iṣẹ́ káàdì ọdún 1952 náà, fẹnu ara rẹ̀ ròyìn bí wọ́n ṣe kó àpótí àwọn tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ ìdalẹ̀nù, tí wọ́n sì lọ dà wọ́n sínú òkun Àtìláńtíìkì. Bí òkun ti gbé ti Mantle mì ló gbé ti Robinson mì.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀wọ́n nìkan ló ń mú owó wá, ó yẹ kí 311 àti 312 máa rìn pọ̀ bí ìbejì. Wọn kò rìn pọ̀. Kò sí káàdì 312 kankan tó tíì dé mílíọ̀nù 12.6 dọ́là. Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún mi pé home run ló fà á, torí Hank Aaron, aláwọ̀ dúdú, gbá home run 755 nígbà tí Mantle gbá 536. Ìyàtọ̀ 219 nìyẹn. Síbẹ̀, orí Mantle ni gbàǹjo náà dúró sí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìfẹ́ ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni owó káàdì ń wọ̀n. Àwọn ọmọkùnrin ọdún 1950 tí wọ́n fi Mantle ṣe òrìṣà dàgbà, wọ́n di olówó, wọ́n sì ń fi owó ra ìgbà èwe wọn padà. N kò bá wọn jà. Owó wọn ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe ìfẹ́ ọkàn wọn ní òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé yóò fi mọ ẹni tó tóbi.

Ti Robinson tilẹ̀ sàn, ó ní káàdì. Àwọn kan ńkọ́ tí wọn kò ní rárá? Josh Gibson gbá bọ́ọ̀lù láti 1930 títí dé 1946 nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 1947, oṣù mẹ́ta péré kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún Robinson. Ní gbogbo ọdún tó fi gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ilé-iṣẹ́ ṣíńgọ́ọ̀mù ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó fi àwòrán rẹ̀ sínú ìdì ọjà rẹ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí líìgì ńlá wá ka iṣẹ́ àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú mọ́ àkọsílẹ̀ tirẹ̀, Gibson ló bọ́ sókè pátápátá nínú ìwọ̀n bí ènìyàn ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sí láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin: .372. Ó kọjá Cobb. Ẹ gbé e yẹ̀ wò: ẹni tó wà lókè gbogbo wọn nínú ìwé, ọmọdé Amẹ́ríkà kankan kò lè bá a nínú ṣíńgọ́ọ̀mù nígbà ayé rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ rí káàdì àtijọ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kúbà la ó lọ. Níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ń gbá bésíbọ́ọ̀lù pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà dúdú sì máa ń lọ síbẹ̀ nígbà òtútù. Àwọn oníṣòwò tábà ìlú Kúbà ló tẹ káàdì John Henry Lloyd ní nǹkan bí ọdún 1910. Ní Kúbà náà ni wọ́n ti tẹ ti Oscar Charleston láàárín ọdún 1923 sí 1924. Àwọn méjèèjì wà ní Gbọ̀ngàn Akọni báyìí. Nítorí náà, kì í ṣe pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n tóbi. Wọ́n mọ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Amẹ́ríkà ló pinnu pé kò kàn án. Ohun tí wọn kò tẹ̀, ọjà kò lè dá owó lé e. Ọjà tí kò mọ ohun tó sọ nù kò yẹ ní adájọ́.

Mo bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kejì báyìí: pé káàdì sàn ju báǹkì lọ. Àwọn tó ń sọ ọ́ á ní, “Ẹni tó ta Mantle ọdún 1952 yẹn, 50,000 dọ́là ló rà á lọ́dún 1991. Ẹ wo èrè!” Èmi náà rí èrè náà. Ṣùgbọ́n bí tẹ́tẹ́ bá jẹ fún ẹnì kan, ariwo rẹ̀ là ń gbọ́. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó pàdánù ti wọlé, wọ́n ti tìlẹ̀kùn. Ní àkókò kan náà gan-an, láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, ọ̀pọ̀ òbí ní Amẹ́ríkà gbọ́ pé káàdì ń sọ ènìyàn di olówó. Wọ́n ń ra káàdì tuntun ní páálí-páálí, wọ́n ń kó o sí àjà, pé owó ilé-ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ rí i pé ọjà ń tà, wọ́n tẹ̀, wọ́n tún tẹ̀, títí káàdì fi kún ilẹ̀ bí ewé. Gbogbo ènìyàn ló fi pamọ́, kò sẹ́ni tó dà á nù. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kò fi níye lórí títí di òní. Ti Mantle wọ́n nítorí pé àwọn ọmọdé fi ṣeré títí ó fi ya, tí àwọn ìyá sì gbá a dà nù. Bí gbogbo ènìyàn bá gba ìmọ̀ràn pé kí a má da nǹkan nù, ìmọ̀ràn náà ti pa ara rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹ má sì rò pé ìṣòwò yìí kò mọ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́. Lọ́dún 1933, ilé-iṣẹ́ Goudey tẹ ọ̀wọ́ káàdì kan tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé ń ra ṣíńgọ́ọ̀mù kí wọ́n lè kó gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n wá nọ́ńbà 106 títí, wọn kò rí i. Wọn kò lè rí i, torí ilé-iṣẹ́ náà kò tẹ̀ ẹ́ rárá lọ́dún yẹn. Lọ́dún 1934 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kọ̀wé béèrè. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ fojú inú wo ọmọ kan tó ń fi sẹ́ǹtì tí wọ́n fún un wá ohun tí kò sí láyé. Ìgbà yẹn, iyebíye ni sẹ́ǹtì kan. Ta ló jèrè?

Ìrẹ́jẹ àgbà tún burú ju èyí lọ. Káàdì Wagner kan wà tó mọ́ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, etí rẹ̀ gún régé bí ẹni pé àná ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1991, gbajúmọ̀ Wayne Gretzky àti Bruce McNall rà á ní 451,000 dọ́là. Òun ni káàdì àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ PSA fún ní máàkì: 8 nínú 10. Lọ́dún 2007, ó dé mílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́dún 2013, Bill Mastro, oníṣòwò gbàǹjo tó ti ta káàdì náà nígbà kan rí, jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun gé etí rẹ̀ kó lè dàbí tuntun. Lọ́dún 2015, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 20 nítorí jìbìtì tó ṣe nínú iṣẹ́ gbàǹjo rẹ̀. Olówó rà á, amòye yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi máàkì sí i lára, wọ́n tì í mọ́ inú ike. Abẹ ti kan etí rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Bí ojú wọn bá lè fọ́ sí i, báwo ni ọmọ ilé-ìwé ṣe fẹ́ mọ ojúlówó?

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí alátakò mi lè sọ, òun ló sì lágbára jù. Á ní, “Bí kò bá sí owó lórí rẹ̀, ta ni ì bá tọ́jú rẹ̀? Ṣé òkun kọ́ ni wọ́n dà á sí nígbà tí kò lówó lórí?” Mo gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ẹlẹ́rìí kan. Orúkọ rẹ̀ ni Jefferson Burdick, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun èlò iná mànàmáná ní ìlú Syracuse. Kì í ṣe olówó, àrùn oríkèé sì ń dà á láàmú. Nígbà tí ayé ń pe káàdì ní ìdọ̀tí, ó ń kó o jọ, ó ń tò ó, ó sì kọ ìwé tó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Orúkọ tí àwọn olówó ń pe káàdì Wagner títí dòní, T206, òun ló sọ ọ́. Ó kó ohun tó lé ní 300,000 fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan Museum of Art ní New York. Káàdì bésíbọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lé ní 30,000. Ó fi ọwọ́ tó ń ro ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó parí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1963, ó sì kú ní oṣù Kẹta ọdún náà. Káàdì Wagner wà nínú ohun tó fi sílẹ̀. Burdick kò tà á. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ohun tí oníṣòwò òde òní á gbọ́ tí á kígbe. Nítorí náà, ìfẹ́ àti ìmọ̀ lè tọ́jú nǹkan kí owó tó dé, ohun tí wọ́n bá sì tọ́jú báyẹn, gbogbo ayé ló ni ín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ohun ìṣeré rẹ̀ ni owó ilé-ìwé rẹ̀. Owó ilé-ìwé, ẹ fi sí ibi tí owó ń gbé. Ohun ìṣeré, ẹ jẹ́ kó fi ṣeré. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ìròyìn páálí olówó ńlá bá tún dé kíláàsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó parí sí “Háà!” Ẹ bi wá ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló dá owó náà lé e? Ta ni wọ́n yọ sílẹ̀ tí kò sí nínú ọjà rárá? Ta ló jèrè bí a bá gbà á gbọ́? Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí káàdì bá wù yín, ẹ kó o. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó wà lára rẹ̀, ẹ mọ ohun tó ṣe, kí ẹ sì wádìí àwọn tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ àwòrán wọn. Ó yẹ kí ọmọ tó lè dárúkọ iye tí wọ́n ta Mantle lè dárúkọ Josh Gibson pẹ̀lú.